Àmì Ewu Tó Di Náírà ní Òkè-Ọsàn

Bí ẹ bá rí ogójì kẹ́ẹ̀gì omi lórí ìlà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ibo ni ọkàn yín máa kọ́kọ́ lọ? Ti Fáwùmí lọ sí ẹ̀rọ omi. Ó rò pé ẹ̀rọ omi tó ti gbẹ láti ìgbà Kérésìmesì ti padà ń sun.

Oṣù Kẹta ọdún 2009 ni. Fáwùmí ni wolé-wolé tó ń mójú tó ìmọ́tótó ní Òkè-Ọsàn, abúlé kan tó fara sin sínú oko kòkó láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ìdó ló ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, níbi tó ti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Nígbà tó rí ìlà kẹ́ẹ̀gì náà lókèèrè, inú rẹ̀ dùn, ó sì yára ẹsẹ̀.

Àmọ́ bó ṣe súnmọ́ tòsí, ó rí i pé iwájú ọ́fíìsì òun ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ omi. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì náà ló sì ti kún dé ẹnu.

Màmá Àṣàkẹ́, ìyá arúgbó tó ń fún epo pupa ní ìsàlẹ̀ abúlé, ló wà níwájú pátápátá. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀.

"Wolé-wolé, o pẹ́ o," ló wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Kí ẹnikẹ́ni má wá purọ́ fún ọ. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni tèmi. Àwẹ̀dẹ́ ni mo ti rù wọ́n wá sí ulé, mo tún rù wọ́n láti ulé wá síbí. Uṣẹ́ ńlá ni."

Fáwùmí tẹjú mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà. "Odò Àwẹ̀dẹ́ kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi omi Àwẹ̀dẹ́ ṣe, mà?"

"Kí la fẹ́ fi ṣe, bí kò ṣe ká tà á fún ọ? Ìwọ lo ní ìjọba fẹ́ rà á."

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn kan da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára kòkó sínú odò Àwẹ̀dẹ́ láti fi pa ẹja. Fáwùmí rí ẹja tó léfòó. Ó bu omi náà sínú ìgò, ó bu ti odò Ọ̀pẹ tó ṣàn pàdé rẹ̀, ó bu ti kànga ọjà náà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Adó kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tó gbà kò dára. Àwẹ̀dẹ́ lè pa èèyàn. Ọ̀pẹ kò ṣe é mu rárá. Ti kànga ọjà ní kòkòrò àìrí nínú, ṣùgbọ́n bí a bá sè é dáadáa, kò séwu.

Ó yẹ kí ó kéde rẹ̀ kíákíá, ó sì wù ú kí ìkéde náà jọ ni lójú. Àwọn ọmọ Òkè-Ọsàn tó wà nílùú òkèèrè ti dá owó jọ, wọ́n ṣí ojú ìwé kan fún abúlé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fáwùmí sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ibi tó ti ń tú u wò ló ti ṣe alábàápàdé fọ́ǹtì kan tó yà á lẹ́nu. Fọ́ǹtì ni àpò tí kọ̀ǹpútà ti ń mú ìrísí lẹ́tà tó ń kọ fún wa. Èyí tí Fáwùmí rí yìí, àmì ló kún inú rẹ̀ dípò lẹ́tà. Bó bá tẹ J, ojú tó ń rẹ́rìn-ín á jáde. Bó bá tẹ N, agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì á yọ sí i. Ó tẹ N títí ìyàwó rẹ̀ fi bi í bóyá kọ̀ǹpútà náà ti há.

Báyìí ló ṣe fi agbárí mẹ́ta síwájú Àwẹ̀dẹ́, méjì síwájú Ọ̀pẹ, ọ̀kan síwájú kànga ọjà. Kò kọ àlàyé kankan sí i. Ó ní, ta ni kò mọ agbárí òkú? Ẹni tí kò kàwé gan-an á rí i, á sì sá. Ó gbé kọ̀ǹpútà gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, ó gbé ìkéde náà sójú ìwé abúlé, ó sì rán Kẹ́hìndé ọlọ́kadà pé kó lọ sí kafé kọ̀ǹpútà Olúbùnmi ní Ìkọ̀lé, kí wọ́n bá a tẹ ogún jáde, kó lẹ̀ wọ́n káàkiri. Lẹ́yìn náà ó gbéra, ó di Ìdó.

Kẹ́hìndé ṣe bí wọ́n ṣe rán an. Ohun tó sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri nìyí:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ LÓRÍ OMI
NNN Odò Àwẹ̀dẹ́
NN Odò Ọ̀pẹ
N Kànga Ọjà
Láti ọwọ́ Wolé-wolé

Àwọn èèyàn kóra jọ sídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹnikẹ́ni, ni wọ́n bá pe Bàbá Àkàndé, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń túmọ̀ gbogbo ohun tó bá ní lẹ́tà ńlá nínú ní Òkè-Ọsàn. Ó fi awò sójú, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"N yẹn, náírà ni," ló wí. "Ìjọba fẹ́ ra omi. Èyí tó ní N mẹ́ta ló wọ́n jù."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi omi wa ṣe?" ni Màmá Àṣàkẹ́ bi í.

"Ṣé kì í ṣe ojú yín báyìí ni wolé-wolé ṣe bu omi náà sínú ìgò lọ sí Adó? Wọ́n ti rí nǹkan níbẹ̀. Wúrà ni, bí kì í bá ṣe ohun tó ju wúrà lọ."

"Ẹja tó kú ńkọ́?"

"Ṣé ẹja lè máa gbé inú wúrà kó yè?"

Kálukú sáré gbé kẹ́ẹ̀gì, ó di odò. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò tíì dé Òkè-Ọsàn dáadáa nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù pe Fáwùmí ní láti gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ. Kò sẹ́ni tó gùn ún. Ẹni tó bá gun òkè lọ béèrè ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á ti gba ipò rẹ̀ lórí ìlà kó tó sọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí Fáwùmí fi ti Ìdó dé. Ó gba ìwé ìkéde tí Màmá Àṣàkẹ́ já lára ògiri lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wò ó títí.

"Agbárí dà?" ló bi wọ́n.

Wọ́n wo ojú ara wọn. "Agbárí ta ni?" ni Bàbá Àkàndé béèrè.

"Agbárí òkú. Mẹ́ta ni mo fi síwájú Àwẹ̀dẹ́. Mo fi méjì síwájú Ọ̀pẹ."

Màmá Àṣàkẹ́ rọra sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn. "Wolé-wolé," ló wí ní ohùn pẹ̀lẹ́, "ṣé ara rẹ le ní Ìdó tí o ti dé yìí?"

"Ara mi le, mà. Omi yẹn ni ara rẹ̀ kò le. Májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ nǹkan kan."

Bàbá Àkàndé rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àwọn èèyàn. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa, kí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ? Pé kòkó wa ò gbẹ. Ọjà ló ń já lulẹ̀ yẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní òun ò ní í dín in rárá. Òmíràn ní bí wolé-wolé ò bá rà á, òun á gbé e lọ sí Ọ̀tùn lọ tà fún ará Kwara. Fáwùmí ń pariwo májèlé, bó sì ṣe ń pariwo tó ni omi náà ń níye lórí sí i lójú wọn.

Kẹ́hìndé ọlọ́kadà ló wá fẹ́ parí ẹjọ́. Òun náà gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wá. Ó ṣí ọ̀kan, ó bu omi sínú ife ike.

"Ọ̀gá, omi tó mọ́ gaara báyìí ni ẹ ń pè ní májèlé?" Kí Fáwùmí tó gbé ẹsẹ̀, ó ti dá a mì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ó dùn ju píọ̀ wọ́tà lọ."

Ó tún bu ìkejì. Fáwùmí fò mọ́ ọn, ó gbá ife náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ní wolé-wolé ti ń ya wèrè.

Kò pẹ́ sí i. Wọ́n ṣì wà lórí àríyànjiyàn ni Kẹ́hìndé jókòó lé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, tí òógùn bo ojú rẹ̀ láìsí oòrùn. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí ti ọmọ tó ń hu eyín.

"Ọ̀gá," ló wí, "ilẹ̀ yìí ń yí." Ó sì bì sórí bàtà Bàbá Àkàndé.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ wúrà mọ́. Màmá Àṣàkẹ́ sáré dìde pé òun ń lọ bu epo pupa wá kí wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Fáwùmí dá a dúró.

"Ẹ má fún un lépo, mà, ẹ má fún un ní mílíìkì, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ó lè sọ ọ́ di ọ̀ràn mìíràn. Ilé ìwòsàn ló kù. Tiyín ni kí ẹ lọ fa agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ulé pé kí wọ́n má fẹnu kan omi yẹn."

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ti Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ni. Fáwùmí gùn ún. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé sáàárín, wọ́n fi ìró Màmá Àṣàkẹ́ dè é mọ́ Fáwùmí lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, Bàbá Àkàndé sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Fáwùmí kò gun ọ̀kadà rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ̀rọ náà ké, ó fò, ó kú.

"Kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá," ni Kẹ́hìndé kérora létí rẹ̀. "Ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú ná."

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Bí Kẹ́hìndé bá bì tán, á ní, "Jíà kejì, ọ̀gá." Bí wọ́n bá dé ibi kòtò, á ní, "Ẹ rọra o, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní." Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ló ń sọ tàbí ọ̀kadà. Nígbà tó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, Fáwùmí yí orí sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé, "Kẹ́hìndé, sọ̀rọ̀. Jíà wo ni kí n wà?" Ìgbà tó gbọ́ "Ìkẹta" ló tó mí.

Ní ilé ìwòsàn Ìkọ̀lé, dókítà bi wọ́n ní ohun tó mu. Fáwùmí sọ orúkọ oògùn náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú èsì láti Adó. Dókítà ní ìyẹn ṣe ìrànwọ́ púpọ̀, nítorí àwọn mọ oògùn tí àwọn máa fi bá a jà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó jáde wá, ó ní Kẹ́hìndé á yè.

Fáwùmí àti Bàbá Àkàndé jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Àkàndé ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Fáwùmí," ló wí, "ọ̀rọ̀ wúrà yẹn, èmi ni mo dá a sílẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, bàbá. Obìnrin oníkafé yẹn ló pa agbárí mi rẹ́. Mo ń lọ bá a nísinsìnyí."

Kafé Olúbùnmi kò tóbi. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Fáwùmí wọlé, Olúbùnmi ń kọ́ ẹnì kan bí a ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ní igun yàrá, ẹ̀gbọ́n ìyá Olúbùnmi, Bàbá Ògúnjọbí, jókòó síwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ohun èlò ìgbọ́rọ̀ létí. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, òun ló sì kọ́ Fáwùmí ní ìwé kẹfà. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà máa ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sí i létí.

"Arábìnrin," ni Fáwùmí wí láìkí ẹnikẹ́ni, "kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi pa agbárí mi rẹ́?"

Olúbùnmi wò ó láti òkè délẹ̀. Èébì Kẹ́hìndé wà lára aṣọ rẹ̀. "Ẹ jókòó ná, sà. Agbárí wo?"

Fáwùmí ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bó ṣe ń rò ó ni ojú obìnrin náà ń yí padà. Kò bá a jà. Ó ṣí ojú ìwé Òkè-Ọsàn lórí kọ̀ǹpútà kan, ó ṣí i lórí èkejì, ó tún ṣí i lórí ìkẹta. N ni gbogbo wọn gbé jáde.

"Mi ò pa nǹkan kan rẹ́, sà. Bó ṣe dé ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ wò ó, ẹ fi fọ́ǹtì wé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ orúkọ sára àga. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní àga tirẹ̀. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì tí ẹ lò yẹn mú agbárí òkú jókòó sórí àga N. Nílé yín, ẹ̀ ń rí agbárí, nítorí fọ́ǹtì náà wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ṣùgbọ́n ẹ kò fi fọ́ǹtì ránṣẹ́ pẹ̀lú ìkéde. Tèmi kò ní i. Ó wo ara àga, ó rí orúkọ N, ó sì pe N wá jókòó."

Fáwùmí ronú sí i. "Nítorí náà, agbárí mi kò kúrò nílé rárá?"

"Kò kúrò nílé, sà."

"Ká tiẹ̀ ní ó kúrò nílé," ni ohùn kan wí láti igun yàrá, "báwo ni èmi ṣe máa rí i?"

Bàbá Ògúnjọbí yọ ohun èlò ìgbọ́rọ̀ létí, ó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ síta. Ohùn òyìnbó ni. Ó ń ka Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹn. Ẹn. Ẹn. Odo Awede."

"Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi," ni bàbá wí. "Mo rò pé ó ń kérora ni. Mo tiẹ̀ bá a kẹ́dùn. Fáwùmí, bó o ṣe ń ṣe ní ìwé kẹfà nìyẹn. O mọ ìdáhùn, o ò ní í kọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn rí i."

Fáwùmí dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà." Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá rántí pé kò tíì kí wọn.

Ó dìde, ó ní kí Olúbùnmi ya agbárí náà bí fọ́tò, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkéde. Olúbùnmi mi orí. Ó ní fọ́tò wúwo, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Ìkọ̀lé sì ń rìn bí ìgbín. Ẹni tó bá fi fóònù kékeré ṣí i lè dúró títí kí owó fóònù rẹ̀ tán. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa bá fẹ́ sọ ọ́ di ńlá, á máa fọ́nká. Bàbá Ògúnjọbí ní tòun, "fọ́tò" nìkan ni kọ̀ǹpútà òun máa wí, á sì kọjá lọ.

"A ó ṣe fọ́ǹtì kékeré tiwa," ni Olúbùnmi wí. "Fọ́ǹtì ńlá ní ọgọ́ọ̀rọ̀ àga. Àwa, àmì mẹ́ta péré la nílò. Kò ní í wúwo tó fọ́tò pélébé kan. Á sì máa bá ojú ìwé náà rìn, ibikíbi tí wọ́n bá ti ṣí i. Mo ní ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yà á, ọ̀fẹ́ ni."

Ó fún Fáwùmí ní ìwé ìṣirò alápótí kéékèèké. Fáwùmí fi odidi ọjọ́ kan ya agbárí. Ó ya eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúbùnmi gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá àti ní kékeré, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ han àwọn tó máa kà á.

Ní Òkè-Ọsàn, Màmá Àṣàkẹ́ gbé ti ńlá náà sókè sójú oòrùn.

"Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín ni," ló wí. "Eyín rẹ̀ dáa."

Kẹ́hìndé ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ó sì ti gbà pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Òun ni wọ́n fún ní kékeré. "Ẹ̀wà ni, ọ̀gá. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ."

Fáwùmí mí kanlẹ̀. Iṣẹ́ eyín tó ṣe ti lọ sínú omi. Màmá Àṣàkẹ́ ṣàánú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ kí ó wí gan-an?"

"Kí ó wí pé, ẹ má mu ún, mà."

"Ṣé agbárí la fi ń mu omi ní ulé yín ni? Ago ni kí o yà. Kí o wá fi igi dábùú rẹ̀."

Olúbùnmi, tó bá Fáwùmí wá, fa ìwé súnmọ́ ara rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó ya ago, ó fa ìlà gbọọrọ kan kọjá lójú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n fi hàn ló ní, "Má mu ún." Fún omi tó yẹ kí wọ́n sè, Màmá Àṣàkẹ́ ní kí wọ́n ya ìkòkò lórí ààrò. Fún omi tó dára, ago lásán, láìsí igi. Fáwùmí ní kí èyí tó léwu pupa, kí èyí tó dára jẹ́ àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn ni Bàbá Àkàndé wúkọ́, ó jẹ́wọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ nìkan mọ̀ tẹ́lẹ̀: láti kékeré, òun kò mọ ata tó ti pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì pọ́n. Wọ́n bá fi àwọ̀ náà ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Igi tó dábùú ago ló ń sọ̀rọ̀.

Olúbùnmi mú kí ìlà àwọn àmì náà nípọn kí wọ́n má baà pòórá bí wọ́n bá kéré. Kò fi èyíkéyìí jókòó sórí àga lẹ́tà. Àga òfìfo, tí kò ní orúkọ, ló fi wọ́n sí. Bí fọ́ǹtì náà bá tiẹ̀ ṣìnà, N kankan kò ní í yọjú wá pe ara rẹ̀ ní náírà. Ó kọ ọ̀rọ̀ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, "Ewu. Má mu omi yìí," "Sè é kí o tó mu ún," kí ẹni tí àmì kò bá yé rí i kà, kí kọ̀ǹpútà Bàbá Ògúnjọbí sì rí i sọ.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà Fáwùmí, lórí márààrún ti kafé, àti lórí fóònù Kẹ́hìndé tí ojú rẹ̀ ti sán. Ó dúró. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láìsí àwọ̀. Ó dúró. Bàbá Ògúnjọbí ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Ó yọ okùn ìgbọ́rọ̀ kí gbogbo kafé lè gbọ́.

"Ewu. Ma mu omi yii. Odo Awede," ni ohùn òyìnbó náà wí.

Bàbá Ògúnjọbí mi orí. "Ó ṣì ń sọ ọ́ bí àjòjì," ló wí, "ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Fáwùmí dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo abúlé. Ó ní kì í ṣe ẹni tó túmọ̀ ìkéde náà ló jẹ̀bi bí kò ṣe òun tó kọ ohun tó ń fẹ́ ìtumọ̀. Wọ́n ti da gbogbo omi náà sínú kòtò jíjìn tó jìnnà sí kànga. Títí òjò fi dé, tí wọ́n sì tún yẹ odò náà wò, kò sí ẹlòmíràn tó mu ún.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ọsàn lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ń kéde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ kíkọ ìkéde, ẹ má ṣe fi àmì nìkan gbé ọ̀rọ̀ tó lè pa èèyàn tàbí tó lè gbà á là. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá lo àmì, ẹ jẹ́ kí fọ́ǹtì rẹ̀ bá ojú ìwé náà rìn, kí ó kéré, kí ó má ná ẹni tó ń ṣí i lówó àti àkókò. Ẹ má gbé àmì sórí àga lẹ́tà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀, nítorí ojú gbogbo wa kì í rí àwọ̀ bákan náà. Ẹ rántí ẹni tí etí ni ó fi ń kàwé.

Bí ẹ bá sì rí ìkéde tí kò yé yín, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́, bí ẹ tilẹ̀ máa gun òkè kí ẹ tó rí i bi. Ẹ má mu omi tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé májèlé mì, ẹ má fún un ní epo tàbí mílíìkì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tó mu.

Kí ẹ tó gbé ìkéde jáde, ẹ mú un lọ bá ìyá kan tí kò kàwé, kí ẹ bi í pé kí ló wí. Ohun tó bá sọ fún yín, òun ni ẹ kọ. Kì í ṣe èyí tó wà lọ́kàn yín.